Ẹ̀jẹ̀ Apá Òsì Àpínkẹ́

Bí ẹ bá dé Ìpáò lónìí tí ẹ ní kí wọ́n júwe ilé Ìyá Kíkẹ́ fún yín, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ bi yín ni pé ṣé ìwádìí lẹ bá wá. Bí ẹ bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tí ẹ bi á mi orí, á ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi obìnrin náà sílẹ̀, ojú rẹ̀ ti rí tó. Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ńṣe ni wọ́n ń fi ìka júwe ibẹ̀ láti ìdíkọ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, nítorí gbogbo ìlú mọ̀ pé Ìyá Kíkẹ́ kì í lé oníwàádìí.

Àpínkẹ́ ni orúkọ tí ìyá rẹ̀ ń pè é. Ìlú Ọ̀yẹ́ ni wọ́n bí i sí. Ó ka ìwé mẹ́fà, ipò kejì ló ṣe, ó sì ti ń sọ kiri àdúgbò pé tíṣà lòun yóò dà. Oṣù tó yẹ kí ó wọ ilé ẹ̀kọ́ girama ni bàbá rẹ̀ kú. Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá jókòó, wọ́n jẹun, wọ́n sì fi ohùn ṣọ̀kan pé ọmọbìnrin tó bá ti lè kọ orúkọ ara rẹ̀ ti mọ̀wé tó. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ó fẹ́ Ògúndáre, àgbẹ̀ kòkó ará Ìpáò, ó sì bá a lọ sílé. Ó bí Kíkẹ́lọmọ, ó bí Joshua. Ó tì wọ́n lẹ́yìn títí àwọn méjèèjì fi gba ìwé ẹ̀rí tí òun kò rí gbà. Kíkẹ́lọmọ di tíṣà n'Ílọrin, Joshua ń tún ẹ̀rọ amómitutù ṣe l'Ákùúrẹ́. Ìgbà tí ilé dá páropáro tán ni àwọn ọmọ yunifásítì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ.

Àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ló kọ́kọ́ dé. Wọ́n fẹ́ mọ ìdí tí ọmọ àgbẹ̀ fi ń pa ilé ìwé tì. Àpínkẹ́ fún wọn ní ìdí mọ́kànlá. Wọ́n ní àyè márùn-ún péré ló wà lórí ìwé àwọn, kí ó jọ̀ọ́ yan márùn-ún. Lẹ́yìn wọn ni àwọn tí ń kọ́ nípa ọkàn ẹ̀dá dé. Ọ̀kan nínú wọn bi í bóyá inú rẹ̀ máa ń bàjẹ́ láìnídìí: ṣé rárá ni, àbí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àbí nígbà gbogbo.

Ó ní, "Ọmọ mi, ìdí máa ń wà."

Ọmọ náà wo ìwé rẹ̀ síwá sẹ́yìn, kò rí ibi tí yóò fi ìyẹn sí. Ó fàmì sí rárá. Báyìí ni Àpínkẹ́ ṣe di ẹni tí inú rẹ̀ kì í bàjẹ́ nínú ìwé ìjọba.

Àwọn ti físíìsì gbé àpótí kékeré kan wá tó ń ké bí òròmọdìyẹ. Wọ́n gbé e lé orí àpáta ẹ̀yìn ilé, wọ́n gbé e lé ẹnu kànga. Wọ́n ní nǹkan kan ń bẹ tó máa ń jáde láti inú òkúta, tí ojú kì í rí, tí imú kì í gbọ́ òórùn rẹ̀, àwọn sì fẹ́ mọ bó ṣe pọ̀ tó ní agbègbè Ìkọ̀lé. Ó bi wọ́n pé ṣé omi kànga òun ṣe é mu. Wọ́n ní èsì yóò jáde. Láti ọjọ́ náà ló ti ń se omi rẹ̀ kí ó tó mu ún, bí ẹni pé ohun tó ti inú òkúta jáde yóò bẹ̀rù ìkòkò. Èsì kò jáde. Àwọn onímọ̀ ohun ọ̀gbìn ní tiwọn na okùn yí igun oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ kan ká, wọ́n ní kí ó má ro ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, àwọn fẹ́ wo bí koríko yóò ṣe bá ẹ̀gẹ́ jà. Koríko ló borí. Kò sí àgbẹ̀ kan ní Ìpáò tí kì bá ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn láìna okùn, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án yẹn ni àwọn aládùúgbò fi ń ki Àpínkẹ́ kú ọ̀lẹ.

Kò bínú. Ó ń sun iṣu fún wọn, ó ń fún wọn lómi sísè, ó ń bá wọn túmọ̀ ìbéèrè fún àwọn àgbà tí Yorùbá ilé ìwé kì í wọ̀ létí. Lójú tirẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ tí wọn kò jẹ́ kí òun lọ ló ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá bá òun nílé yìí, ta ni òun tí òun yóò tì í lẹ́nu ọ̀nà? Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn ún. Bí wọ́n bá ti ká ìwé wọn tán, wọ́n lọ nìyẹn. Kò sí ọ̀kan tó padà wá sọ ohun tó rí. Ó máa ń fi í sádùúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ìlú, lẹ́yìn tó bá ti gbàdúrà fún àwọn ọmọ rẹ̀ tán, pé kí Olúwa jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn ọmọ yìí padà wá pẹ̀lú èsì.

Ògúndáre ọkọ rẹ̀ kì í bá wọn dá sí i. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Ó ń bá ìyàwó rẹ̀ lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń kọrin, ó sì máa ń sùn díẹ̀ nínú ìwàásù bí ọkùnrin yòókù. Ṣùgbọ́n alágbẹ̀dẹ ni bàbá tó bí i, bí ọdún Ògún bá sì dé, yóò lọ jókòó ní ìdí owú bàbá rẹ̀ láti àárọ̀ títí oúnjẹ ọ̀sán. Àpínkẹ́ kò bi í ní ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Ìgbéyàwó ọgbọ̀n ọdún ní ibi tí à ń gbójú fò.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni Gbémisọ́lá dé. Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ọdún tó kẹ́yìn ló wà níbi tí wọ́n ti ń kọ́ nípa ìlera. Tọkọtaya ogójì ló ń wá ní àwọn ìlú kéékèèké, àwọn tó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Yóò gba ẹ̀jẹ̀ ọkọ, yóò gba ti ìyàwó, yóò wo ṣúgà, yóò wo kíndìnrín, yóò wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Tọkọtaya mọ́kàndínlógójì ló ti rí. Ó ku ẹyọ kan, ọ̀gá rẹ̀ sì ti ní tí kò bá kó gbogbo rẹ̀ wá lọ́jọ́ Ajé, kó dúró de ọdún tó ń bọ̀ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa lọ. Ẹ̀ẹ̀kẹta tó wá sí ilé náà nìyí. Ògúndáre sì ti sọ tirẹ̀ látọjọ́ kìíní, kò gbóhùn sókè, ó tilẹ̀ fi iṣu tó gbóná jù lé ọmọ náà lọ́wọ́ kó tó sọ ọ́.

Ó ní, "Ọmọ mi, jẹun. Ẹ̀jẹ̀ ulé wa kì í wọ ìgò àlejò. Bó bá jẹ́ uṣẹ́ lo fẹ́ kí n bá ọ ṣe, mo ti dìde."

Ó dìde lóòótọ́, ó mú àdá rẹ̀, ó gba oko lọ. Gbémisọ́lá jókòó sórí àga ìdáná, omi ń dà lójú rẹ̀ láìdún. Ẹkún tó ń dún, ìyá lè ṣìpẹ̀ fún un. Èyí tí kò dún ni kì í jẹ́ kí ènìyàn rí ibi dì mú. Àpínkẹ́ ń wo ọmọ náà, ó ń rí ọmọbìnrin kan l'Ọ̀yẹ́ tí wọ́n ní kó dúró de ọdún tó ń bọ̀, tí ọdún náà kò sì dé mọ́.

Ó ro ó. Bí wọ́n bá sọmọ lórúkọ, tí wọ́n ń pín ẹran, wọ́n á ní Ìyá Kíkẹ́, tìrẹ rèé, ti bàbá rèé, òun ni yóò gba méjèèjì sínú abọ́ kan, kò sí ẹni tí yóò bi í pé bàbá dà. Nínú ìpàdé ẹbí, bí ọkọ bá wà lóko, ìyàwó ni yóò jẹ́ orúkọ ọkọ. Ìwé Mímọ́ pàápàá ní wọn kì í ṣe méjì mọ́, ara kan ni wọ́n. Bí ó bá jẹ́ ara kan, ẹ̀jẹ̀ mélòó ló lè wà nínú rẹ̀?

Gbémisọ́lá ti gba ti Àpínkẹ́ fúnra rẹ̀ ní apá ọ̀tún. Ó ká ọwọ́ bùbá òsì sókè, ó na apá náà.

Ó ní, "Fa ti bàbá níbí."

Gbémisọ́lá ní, "Mọ́mì, kò yẹ bẹ́ẹ̀."

"Kí ló yẹ? Kó o padà lọ́wọ́ òfo? Fà á, kí o kọ orúkọ rẹ̀ sí i."

Ọmọ náà wo apá náà, ó wo ìgò òfìfo tó kù nínú àpótí rẹ̀, ó sì fà á. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru Àpínkẹ́ lẹ́ẹ̀kejì fún ọkọ rẹ̀. Ní ti bí bàbá ṣe wúwo tó, Àpínkẹ́ ní kò sí wàhálà, àwọn tí ń ra kòkó ti gbé e lé òṣùwọ̀n rí lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń bá a ṣeré, ó tẹ̀wọ̀n tó àpò kòkó kan àti díẹ̀. Gbémisọ́lá kọ ọ́ sílẹ̀. Ìgbà tó ń lọ, ó dọ̀bálẹ̀ bí ọmọkùnrin nítorí ó gbàgbé ara rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Àpínkẹ́ sọ fún Ògúndáre. Kì í fi nǹkan pa mọ́ fún un. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Ó ní níwọ̀n ìgbà tó ti ń jẹ ẹran òun láti ọgbọ̀n ọdún, kò burú bó bá san ẹ̀jẹ̀ òun lẹ́ẹ̀kan.

Ohun tí Àpínkẹ́ ti ń béèrè láti ọjọ́ yìí wá ni Ọlọ́run ṣe fún un lọ́dún náà. Gbémisọ́lá padà wá. Nínú gbogbo àwọn tó ti jẹ iṣu ilé náà, òun nìkan ló padà. Ó mú ìwé méjì tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀, tí wọ́n lu òǹtẹ̀ lé, ọ̀kan fún bàbá, ọ̀kan fún ìyá. Ó dára, ó dára, ó dára, láti òkè dé ìsàlẹ̀: ṣúgà dára, kíndìnrín dára. Ó yẹ kó dára bákan náà, ẹ̀jẹ̀ kan náà ni. Àpínkẹ́ fi tirẹ̀ sínú Bíbélì. Ògúndáre gba tirẹ̀ fi ṣeré. Yóò mú un jáde níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń ta ayò, yóò ní kí wọ́n wá wo kíndìnrín ọmọkùnrin ogún ọdún lára arúgbó. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín. Nígbà tó fi di oṣù kẹfà, àwọn yẹn nìkan ló ń rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín mọ́, ó ń sọ ọ́ bí ẹni sọ òótọ́. Irọ́ tí ènìyàn bá ń sọ fún ara rẹ̀ lójoojúmọ́, bó pẹ́ bó yá, á di ọmọ ilé.

Òjò ọdún tó tẹ̀ lé e ni ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú láàárọ̀. Bó bá di ọ̀sán, wíwú náà á sọ̀ kalẹ̀ sí ọrùn ẹsẹ̀. Oko tó ń fi wákàtí kan rìn di wákàtí méjì. Ẹ̀yìn ń ro ó, ìtọ̀ rẹ̀ ń hó bí omi ọṣẹ. Àpínkẹ́ ní kí wọ́n lọ rí Nọ́ọ̀sì Adéwùnmí. Obìnrin yìí ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ó sì ṣí ilé ìtọ́jú oníyàrá méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀. Ògúndáre wọ aṣọ, ó dé fìlà, ó sì ki ìwé náà bọ àpò.

Nọ́ọ̀sì tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ihò ìka dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní òun fẹ́ kí wọ́n lọ yẹ kíndìnrín wò ní ilé ìwòsàn ńlá. Ìgbà náà ni Ògúndáre mú ìwé jáde. Ó nà án sí i bí ẹni na ìwé ẹ̀rí. Nọ́ọ̀sì kà á. Ó wo òǹtẹ̀ yunifásítì. Ọdún kan kò tíì pé tí wọ́n kọ ọ́. Ó ní a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, bí kíndìnrín bá dára báyìí, á jẹ́ pé ibà ló wọ ara, pẹ̀lú iyọ̀ àti ọjọ́ orí. Ó fún un ní oògùn ibà, ó fún un ní oògùn ẹ̀yìn ríro, èyí tó lágbára, kó máa lò ó láàárọ̀ àti lálẹ́.

Àpínkẹ́ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ògúndáre kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó kàn gbé ẹsẹ̀ tó wú náà lé ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Àpínkẹ́ pa ẹnu dé.

Lójú ọ̀nà ó ní òun fẹ́ padà lọ sọ ọ́. Ògúndáre dúró.

"Sọ kí ni? Pé mo ti ń purọ́ fún gbogbo ìlú láti èṣí? Pé ẹ̀jẹ̀ obìnrin ni mo gbé kiri?" Ó sinmi kó tó lè sọ èyí tó kù. "Àpínkẹ́, má dójú tì mí."

Kì í sábà pe orúkọ yẹn. Ìyá Kíkẹ́ ló ń pè é bíi gbogbo ayé. Ìgbà tó bá pe Àpínkẹ́, ohun tó bá fẹ́ ló ń rí gbà.

Kì í ṣe ti ọkọ nìkan ló dí i lẹ́nu. Ó tún ń ro Gbémisọ́lá, tó ti gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, tó ti lọ sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ní òkè Ọya. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá hu, ṣé wọn kò ní gba ìwé náà padà lọ́wọ́ rẹ̀? Ó pe fóònù ọmọ náà nígbà mẹ́rin, obìnrin inú fóònù ń sọ fún un pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí nọ́ńbà yẹn. Nítorí náà ó gbé e lọ sọ́dọ̀ Ẹni tó mọ ẹ̀jẹ̀ tí ó ti apá wo jáde. Ó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ó tún fi mẹ́ta lé e. Ó ń sọ fún Ọlọ́run ohun tó yẹ kó sọ fún Nọ́ọ̀sì. Mo mọ ọ̀pọ̀ ìyá tó ti ṣe irú àdúrà yẹn, ẹ má jẹ́ kí n ka ara mi kúrò.

Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ló lọ báyìí. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá tí Ògúndáre fi ń gbé oògùn ẹ̀yìn ríro mì láàárọ̀ àti lálẹ́, tí àwọ̀ rẹ̀ ń ṣú, tí oúnjẹ ń run ún nínú, tó ń ní ara òun ti ń yá. Nígbà tí wọ́n bá ki í kú àìsàn, á ní kì í ṣe àìsàn, ẹ̀yin ẹ wo ìwé.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, tí wọ́n ní kí ìjọ dìde ka Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́, gbogbo wọn dìde, Ògúndáre kò lè dìde. Ó dì mọ́ àga iwájú, ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì, ó sì yọ́ wálẹ̀ sáàárín àga méjì. Àwọn ọkùnrin gbé e dé ọ̀dọ̀ Nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì ṣí fáìlì, ẹ̀dà ìwé náà tó ti ṣe pa mọ́ ló wà lókè pátápátá. Ó fọwọ́ lé e, ó ń ronú.

Àpínkẹ́ ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ̀jẹ̀ mi ni. Ti apá ọ̀tún, ti apá òsì, ara mi ni wọ́n ti fà á."

Ògúndáre gbọ́. Kò lajú. Nọ́ọ̀sì jókòó díẹ̀díẹ̀ bí ẹni pé àga jìnnà sí i.

"Láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀."

Nọ́ọ̀sì pa fáìlì dé. Ó dìde, ó pe ọkọ̀, ó bá wọn lọ fúnra rẹ̀ títí dé ilé ìwòsàn ńlá ní Ìdó. Dókítà tó rí wọn kò tíì tó Joshua lọ́jọ́ orí. Ó yẹ gbogbo rẹ̀ wò, ó ní kíndìnrín méjèèjì ti kọṣẹ́, oògùn ẹ̀yìn ríro tó ń lò sì ti bá wọn kọ́ ibojì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ká ní wọ́n ti gbé e wá kí òjò tó gbilẹ̀, ó wo ojú Àpínkẹ́, ó sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Wọ́n fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Àpínkẹ́ ń wo ẹ̀jẹ̀ ọkọ rẹ̀ tó ń jáde lọ sínú ọ̀pá, tó ń yí ká, tó ń padà, ẹ̀jẹ̀ tí kò fẹ́ kí àlejò bu sígò.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni ẹnu Ògúndáre já geere fún ìgbà ìkẹyìn. Ó ní, "Àpínkẹ́, o ṣe bí mo ṣe wí."

Ó kú kí oòrùn tó kan àtàrí. Títí di òní, kò yé obìnrin náà bóyá ńṣe ló ń yìn ín, àbí ó ń bá a wí.

Ọjọ́ kẹjọ ni ẹbí jókòó. Wọ́n ti gbé ìwé náà kalẹ̀ sáàárín, wọ́n ń tì í láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ọ̀rọ̀ wọn tọ́ bí ènìyàn bá fi ti ìwé wò ó: ọkùnrin tí yunifásítì ní kíndìnrín rẹ̀ dára, tí kíndìnrín náà sì pa á láàárín ọdún kan àti ààbọ̀, ṣé ojú lásán ni? Àwọn kan ti ń wo ọ̀dọ̀ Àdùkẹ́, opó àbúrò Ògúndáre, obìnrin tí kò lẹ́nìkan, tí ń gbé inú yàrá ẹ̀yìnkùlé. Àgbàlagbà kan bi í pé kí ni ó ń wá lórí oko kòkó Ògúndáre ní ìgbà ìkórè. Àdùkẹ́ ní ewé ni òun lọ já, àbí igi ìdáná, kò tilẹ̀ mọ ohun tó ń sọ mọ́.

Àpínkẹ́ dìde ní àárín wọn, ó sì tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: Gbémisọ́lá, apá ọ̀tún, apá òsì, ẹsẹ̀ tó tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ níwájú Nọ́ọ̀sì, ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá. Kò tọrọ gáfárà, nítorí kò mọ ẹni tí yóò tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Joshua dìde, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, wọ́n gbọ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ gbéra. Kíkẹ́lọmọ jókòó síbẹ̀, ó ń wo ìyá rẹ̀ bí tíṣà tí ọmọ tó mọ̀wé jù ní kíláàsì já kulẹ̀.

Ó ní, "Mọ́mì, ẹ mọ̀. Ẹ mọ̀, ẹ sì ń wò wọ́n."

Kò gbóhùn sókè. Bàbá rẹ̀ náà kì í gbóhùn sókè. Ó padà s'Ílọrin lọ́jọ́ kejì. Ó ń fi oúnjẹ ránṣẹ́, kò já ìyá rẹ̀ jù sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó gbé oúnjẹ wá ló máa ń bá Àpínkẹ́ sọ̀rọ̀. Àwọn ẹbí Ògúndáre kò lé e kúrò nílé. Wọ́n kàn dẹ́kun jíjókòó níbẹ̀. Àdùkẹ́ nìkan ló máa ń wá gbá àgbàlá fún un, yóò gbá a tán, yóò lọ, kì í sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, Àpínkẹ́ wọ aṣọ dúdú rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ dé Ìkọ̀lé, ó wọ òmíràn níbẹ̀, ó béèrè títí ó fi dé ọ́fíìsì Ọ̀mọ̀wé Abdulrasheed, ọ̀gá tó bójú tó ìwádìí náà. Kì í ṣe láti fi ẹnikẹ́ni sùn ló fi lọ. Ohun kan ló gbà á lọ́kàn: ìwé ńlá kan wà níbìkan tó ní Ògúndáre ọmọ alágbẹ̀dẹ láti Ìpáò wà ní àlàáfíà. Gbogbo ìgbà tó bá dijú, ìwé náà ló ń rí. Ó fẹ́ kí wọ́n pa á rẹ́. Bí wọ́n bá pa á rẹ́, bóyá oorun yóò gbé e lọ. Kò retí nǹkan mìíràn mọ́ láyé.

Ènìyàn dáadáa ni Ọ̀mọ̀wé. Ó dìde fún un nítorí ọjọ́ orí rẹ̀, ó fún un lómi nínú ike, ó gbọ́ ọ láìdá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó kẹ́dùn lóòótọ́, ojú rẹ̀ tilẹ̀ pọ́n. Lẹ́yìn náà ó fà á yọ láti orí pẹpẹ, ìwé aláwọ̀ búlúù, ẹ̀yìn líle. Ó ṣí i, ó yí i sí i. Kò sí Ògúndáre níbẹ̀. Kò sí Ìpáò. Ilà àti nọ́ńbà ni gbogbo rẹ̀. Ó fi ìka hàn án: ọkùnrin, ogójì. Ó dára, ó dára, ó dára.

Àpínkẹ́ ní kí ó fi bíírò fà á kọjá.

Ọ̀mọ̀wé ṣàlàyé fún un pẹ̀lú sùúrù. Ìwé náà ti jáde. Wọ́n ti kó o lọ sí ìlú òyìnbó, àwọn mìíràn ti ń lò ó. Ọmọ tó ṣe é ti ń jẹun níbi ìwé ẹ̀rí rẹ̀, bí wọ́n bá sì dà á rú nísinsìnyí, kò ní jí òkú. "Ìyá, ọgọ́rin ènìyàn ni. Ẹnì kan ṣoṣo nínú ọgọ́rin kò lè yí èsì padà. Mo ti ṣírò rẹ̀ bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ yẹn. Bákan náà ló já sí, ká yọ bàbá kúrò, ká fi wọ́n síbẹ̀."

Ó rò pé ìtùnú lòun ń fún un.

Àpínkẹ́ tún wo ilà náà. Ó ní, "Ṣé ẹ lè kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé ó kú?"

Ọ̀mọ̀wé ní kò sí àyè fún ìyẹn nínú irú ìwé báyìí.

Ó ní kíláàsì ń dúró de òun, kí ìyá jókòó títí ara rẹ̀ yóò fi balẹ̀, kò sí ẹni tí yóò dà á láàmú. Ó gbé ìwé náà padà sórí pẹpẹ, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé. Àpínkẹ́ jókòó. Ó gbìyànjú láti gbàdúrà, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó mọ̀ láti béèrè ti tán, èyí tó sì kù, ó ti rí i gbà. Ó gbọ́ ohùn àwọn ọmọ ilé ìwé lábẹ́ fèrèsé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń bi ara wọn níbi tí wọ́n máa lọ ṣe próójẹ́ẹ̀tì wọn. Nígbà tó yá, obìnrin tó ń tún ọ́fíìsì ṣe dé pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ó kí i kú ìjókòó. Ó ní Mọ́mì, ẹ má bínú, a fẹ́ ti ibí.

Àpínkẹ́ dìde.